Òṣèré Tí Ó Fẹ́ Jẹ Ààrẹ

Ìró ìkẹyìn nìkan ni ó ya òṣèré sọ́tọ̀ kúrò lára òṣèlú ní èdè wa. Ẹni tí ń ṣe eré ni ti ìṣáájú, ẹni tí ń ṣe ìlú sì ni ti ìkẹyìn. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti gbà pé ọ̀gbun ńlá ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí òṣèré kan bá dìde pé òun fẹ́ jẹ ààrẹ, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi pàdé rẹ̀. Ìtàn àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rín pàdé bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, kí a lè mọ ohun tí ó gbẹ̀yìn ẹ̀rín náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ronald Reagan, nítorí orúkọ tirẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu nígbà tí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Tampico, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí i sí ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1911. Bàtà ni bàbá rẹ̀ ń tà, ọtí sì jẹ́ ìdààmú fún bàbá náà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ obìnrin tí ó fẹ́ràn láti máa dìde ka ìwé fún àwùjọ, kí ó sì máa fi ohùn àti ojú ṣe eré bí ó ti ń kà á. Ọmọ náà jáde ní Kọ́lẹ́jì Eureka ní ọdún 1932, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò ní ìpínlẹ̀ Iowa, níbi tí ó ti ń ròyìn eré ìdárayá. Nígbà mìíràn, pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà réré sí i. Wáyà ni a fi ń ta ọ̀rọ̀ mélòó kan sí i láti Chicago, òun a sì fi ẹnu ara rẹ̀ kún un, títí àwọn tí ń gbọ́ ọ yóò fi rò pé ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó jókòó sí. Ní tèmi, iṣẹ́ yìí ṣe é ní àǹfààní ju ọ̀pọ̀ nínú sinimá tí ó ṣe lẹ́yìn náà lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a jọ jókòó sínú yàrá kan.

Ní ọdún 1937 ni ilé iṣẹ́ sinimá Warner Bros. gbà á. Kò di ọ̀gá láàárín àwọn òṣèré, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣe ìdọ̀tí níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára nínú Kings Row ní ọdún 1942. Ṣùgbọ́n sinimá ọdún 1951 kan, Bedtime for Bonzo, nínú èyí tí òun àti inàkí kan ti jọ ṣeré, ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń fà jáde ní ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà.

Ohun tí àwọn ẹlẹ́rìn-ín kò fi ọkàn sí ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà tí kò sí níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán. Láti ọdún 1947 dé 1952 ni ó fi jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré sinimá, wọ́n sì tún pè é padà sí ipò náà ní ọdún 1959. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe eré rárá: ó ní láti jókòó ti àwọn olówó tí ó ni ilé iṣẹ́ sinimá, kí ó béèrè, kí wọ́n kọ̀, kí ó dín in kù, kí wọ́n sì wá bá ara wọn dọ́gba. Láti ọdún 1954 dé 1962 ni ilé iṣẹ́ General Electric fi í ṣe olóòtú eré wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń rán an káàkiri àwọn ilé iṣẹ́ wọn láti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ òṣèlú tí ó dára tó èyí.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1964, ó sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nítorí Barry Goldwater, ẹni tí ń díje fún ipò ààrẹ. Goldwater fìdí rẹmi pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe agbẹnusọ fún un ni àwọn ènìyàn rántí. Nígbà tí Reagan sì jáde fún ipò gómìnà California ní ọdún 1966, Gómìnà Pat Brown tí ó wà lórí àga kò kà á sí. Nínú sinimá ìpolówó ìbò rẹ̀, Brown sọ fún àwọn ọmọ kékeré pé òṣèré ni ó yìnbọn pa Lincoln. Òtítọ́ ni pé òṣèré ni John Wilkes Booth tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà ní ọdún 1865. Ṣùgbọ́n kí ni ó kan ti ọdún 1966? Àwọn olùdìbò náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ìbò ni Reagan fi lé Brown.

Ọdún mẹ́jọ ni ó fi ṣe gómìnà. Ó wá ipò ààrẹ ní ọdún 1968, kò bọ́ sí i. Ó tún wá a ní 1976, Gerald Ford gba àṣíá ẹgbẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀ báyìí. Ní ọdún 1980 ni ó wá bá Ààrẹ Jimmy Carter pàdé. Ọjà ti gbówó lórí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, àwọn ará Amẹ́ríkà 52 sì wà ní ìgbèkùn ní ilẹ̀ Iran. Ìpínlẹ̀ 44 ni Reagan mú, ìbò àwọn aṣojú-olùdìbò rẹ̀ sì jẹ́ 489, nígbà tí ti Carter jẹ́ 49. Ẹni ọdún 69 ni. Ẹni tí ó bá sọ pé sinimá ni ó gbé e dé orí àga náà ti gbàgbé ọdún 16 tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ tí ó sọ nítorí Goldwater àti ọjọ́ ìbò yìí.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó kúrò ní ipò ní ọdún 1988, òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó máa ń ya òun lẹ́nu bí ẹni tí kò ṣe òṣèré rí ṣe lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Challenger bú ní oṣù kìíní ọdún 1986, tí ènìyàn méje sì kú, Reagan mọ bí a ti ń bá orílẹ̀-èdè tí ó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn dídùn kò gbà á nígbà tí àṣírí tú pé ìjọba rẹ̀ ti ta ohun ìjà fún Iran. Ó ti kọ́kọ́ sọ fún ìlú pé òun kò fi ohun ìjà ṣe pàṣípààrọ̀ ènìyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1987 ni ó padà wá sọ pé ẹ̀rí fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wí nígbà náà pé òṣèré lè rọ́wọ́ mú bí ó bá ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ṣẹ́ òṣèlú. Ṣùgbọ́n Volodymyr Zelensky ti ilẹ̀ Ukraine kò jẹ́ kí a lè wí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, kò sì ṣe é. Apanilẹ́rìn-ín ni ó yà. Ní ọdún 2015 ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé eré kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìránṣẹ́ Àwọn Ènìyàn. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí olùkọ́ ìtàn ni ó pe ara rẹ̀ nínú eré náà. Olùkọ́ yìí fi ìbínú bú àwọn ìjòyè tí ń jẹ owó ìlú, ọmọ ilé-ìwé kan ya àwòrán rẹ̀ láìjẹ́ kí ó mọ̀, ìyẹn sì sọ ọ́ di ààrẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Zelensky tí kò jẹ oyè ìlú kankan rí fi ìbò ìdá 73 nínú 100 borí Ààrẹ Poroshenko. Ogun ti wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà láti ọdún 2014, àwọn ènìyàn sì ti sú àwọn tí ó wà lórí àga. Bí inú bá ti bí ìlú tó bẹ́ẹ̀, àìmọ iṣẹ́ a di ẹ̀rí pé ọwọ́ ẹni mọ́. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà dé ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé apanilẹ́rìn-ín náà yóò sá. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó dúró ní ìgboro Kyiv pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ayé rí i níbẹ̀.

Ilẹ̀ Philippines ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Joseph Estrada ni akọni àwọn òtòṣì nínú sinimá. Erap ni wọ́n ń pè é. “Pare,” tí ó túmọ̀ sí ọ̀rẹ́ ní èdè wọn, ni a kà sẹ́yìn. Kì í ṣe àlejò nínú òṣèlú: olórí ìlú San Juan ni láti ọdún 1969 dé 1986, lẹ́yìn náà sẹ́nétọ̀, lẹ́yìn náà igbákejì ààrẹ. Ní ọdún 1998 ni ó di ààrẹ. Bí ìmọ̀ iṣẹ́ bá lè gba ènìyàn là, tirẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́ tí òfin kò fọwọ́ sí. Nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ sì kọ̀ láti ṣí àpò ìwé ẹ̀rí kan, àwọn ènìyàn tú sí ìgboro Manila, ó sì fi ààfin sílẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2001. Ní ọdún 2007 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, a sì dárí jì í kí oṣù méjì tó pé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fernando Poe, tí òkìkí rẹ̀ nínú sinimá ga ju tirẹ̀ lọ, díje ní ọdún 2004. Kò jẹ oyè kankan rí. Mílíọ̀nù kan ìbò àti díẹ̀ lé ni Gloria Arroyo fi borí rẹ̀, Poe sì kú ní oṣù kejìlá ọdún náà. A kò lè fi ìdánilójú ka èyí mọ́ àìmọṣẹ́ rẹ̀, nítorí ní ọdún 2005 ni Arroyo tọrọ àforíjì ní gbangba pé òun bá ìjòyè ìdìbò kan sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń ka ìbò lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní òun kò ṣe màgòmágó.

Estrada kò jáwọ́. Ó tún jáde fún ipò ààrẹ ní ọdún 2010, ó ṣe ipò kejì. Àwọn ará Manila fi í ṣe olórí ìlú wọn ní ọdún 2013. Isko Moreno ni ó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2019, ọmọ òtòṣì tí ó ń ṣa pàǹtí ní àdúgbò Tondo, tí ó di òṣèré, tí ó sì di òṣèlú. Ní ọdún 2022 ni Moreno náà díje fún ipò ààrẹ. Ipò kẹrin ni ó ṣe.