Ìgò Mílíọ̀nù 31 àti Kẹ́ẹ̀gì 46: Ọ̀rọ̀ Lórí Orúkọ Wa Lọ́jà

(Ọ̀rọ̀ ìtàn alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Akọ̀wé ló tẹ̀ ẹ́ láti inú ohùn, fún àwọn tí kò ní dátà láti gbọ́ ọ.)

Ohùn kìíní

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lẹ́nu òwò ní Jos níbí, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bukuru, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Kaduna àti Bauchi, ẹ gbọ́ mi.   

Lóṣù tó kọjá, mo sọ̀rọ̀ nípa bí ọkọ̀ ojú irin ṣe gbé àwọn bàbá wa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, dé orí òkè yìí. Ìtàn tòní jìnnà sílé díẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ní 1982. Ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ epo tó wà nílẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ fi gbé.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń se oúnjẹ tà, tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti bí ọdún mẹ́jọ, gbé gálọ́ọ̀nù epo rẹ̀ padà wá. Ó ní, “Baba, wannan ba manja ba ne.” Ìyẹn ni pé èyí kì í ṣe epo pupa. Ẹ gbọ́ o, n kò tíì ṣí gálọ́ọ̀nù náà tí mo fi dá a lóhùn pé irọ́ ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló ti rà á. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi náà ni mo wá sórí gúrúùpù yìí, tí mo ní kí gbogbo wa máa sọ ohun kan náà: epo wa mọ́, ìlara ni wọ́n ń ṣe sí wa. Ẹ wo òkè, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ọmọ tó ń bá mi tajà ń rọ epo láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò kúrò. Mo wo ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, mo rí ohun tó dì síbẹ̀. Mo jókòó sórí àga, n kò lè sọ̀rọ̀. A ti gbé díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, èsì kò tíì dé. Ṣùgbọ́n èmi tó ti ń ta epo láti kékeré, mo mọ ohun tí mo rí.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Amẹ́ríkà.

Ohùn kejì

Oògùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tylenol. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwa ń pè ní parasitamọ́ọ̀lù níbí. Ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson ló ni ín nígbà yẹn, ìyẹn àwọn tó ṣe páúdà ọmọdé tí ìyá gbogbo wa lò. Ní ọdún 1982, òun ló tà jù nínú oògùn ẹ̀fọ́rí àti ara ríro. Nínú 100 dọ́là tí àwọn èèyàn ń ná sórí irú oògùn bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 35 ló ń lọ sórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ní agbègbè Chicago, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12 kan jí pẹ̀lú ọ̀fìnkìn. Àwọn òbí rẹ̀ fún un ní Tylenol oníkápúsù. Kò pẹ́, ó kú. Lọ́jọ́ kan náà, ọkùnrin ọmọ ọdún 27 kan lò ó, òun náà kú. Àwọn ẹbí péjọ sílé rẹ̀ láti sunkún. Orí ń fọ́ àbúrò rẹ̀ àti ìyàwó àbúrò rẹ̀, wọ́n lọ síbi tí oògùn wà, wọ́n lò nínú ìgò kan náà. Àwọn méjèèjì ló kú. Ẹ ò rí nǹkan! Ilé òkú kan di ilé òkú mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò kan ló wọ ilé náà, tó ka kápúsù tó ṣẹ́ kù nínú ìgò. Mẹ́fà ló dín, èèyàn mẹ́ta ló kú. Ó ní ìgò yìí ló pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá májèlé sáyánáìdì nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó kú jẹ́ méje.

Ó wá ku ìbéèrè kan: ta ló fi májèlé síbẹ̀? Àwọn ìgò náà kì í ṣe láti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Òmíràn wá láti Pennsylvania, òmíràn láti Texas, ibi tó jìnnà síra wọn gan-an. Chicago nìkan ni èèyàn ti ń kú. Èyí ló jẹ́ kí ọlọ́pàá gbà pé lórí àtẹ ṣọ́ọ̀bù ni ẹnì kan ti mú ìgò, tó ro májèlé sínú kápúsù, tó sì dá a padà. Títí di òní, wọn kò tíì mú apànìyàn náà. Ọkùnrin kan ṣẹ̀wọ̀n nítorí ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n san mílíọ̀nù kan dọ́là kí ikú lè dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án.

Nítorí náà, ilé iṣẹ́ yìí lè sọ pé kì í ṣe àwa, ẹ lọ bá ọlọ́pàá. Òótọ́ ni wọn ì bá sì sọ.

Ohùn kẹta

Ohun tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n dá ìpolówó oògùn náà dúró. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn dókítà, ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń tà á káàkiri. Wọ́n ṣí nọ́ńbà fóònù tí èèyàn lè pè láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀bùn 100,000 dọ́là kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ láti mú ọ̀daràn náà.

Wọ́n ṣe àṣìṣe kan, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn akọ̀ròyìn bi wọ́n bóyá sáyánáìdì wà ní ilé iṣẹ́ wọn. Agbẹnusọ wọn ní rárá. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé díẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò oògùn, kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń pò ó.  Wọ́n sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé ohun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn Yorùbá ní irọ́ tó ti ń lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Àwọn wọ̀nyí kò jẹ́ kí ó pẹ́.

Èyí tó le jù ni ti kíkó ọjà padà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, James Burke, fẹ́ kó gbogbo kápúsù padà káàkiri Amẹ́ríkà. Ó lọ sí Washington láti bá FBI àti FDA sọ̀rọ̀. FDA yìí dà bíi NAFDAC tiwa. Wọ́n gbà á níyànjú pé kó má ṣe é, pé ọ̀daràn máa rò pé òun ti ṣẹ́gun, àwọn mìíràn á sì fẹ́ dán an wò. Kò pẹ́ ni wọ́n gbọ́ pé oògùn ti ṣe èèyàn kan ní California lọ́ṣẹ́, tí wọ́n bá májèlé mìíràn nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ilé iṣẹ́ náà kó gbogbo rẹ̀ padà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 31 ìgò. Iye tí wọn ì bá tà á lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó ti ra kápúsù sílé, wọ́n ní kó mú un wá gba oníhóró dípò rẹ̀.

Kí ló fún ọkùnrin yìí láyà? Láti 1943 ni olórí ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, Robert Wood Johnson, ti kọ ìlànà kan sílẹ̀ fún wọn. Àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, ìyá, bàbá àti gbogbo ẹni tó ń lo ọjà wọn ló wà nípò kìíní. Òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ìlú tí wọ́n ń gbé. Àwọn olówó tó fi owó dókòwò ló kẹ́yìn. Nígbà tí ìjì dé, wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara wọn pé ta ni ká kọ́kọ́ dáàbò bò.

Owó bọ́ lọ́wọ́ wọn. 35 dọ́là tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 8. Àwọn tó mọ̀ nípa ìpolówó ní oògùn náà ti kú, kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n gbé e jáde padà pẹ̀lú orúkọ àtijọ́ nínú ìgò tí wọ́n dí lọ́nà mẹ́ta, tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kàn án, oníbàárà á rí i. Láàárín ọdún kan, wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà wọn padà. Ìdí nìyẹn tí ìgò oògùn fi ní bébà tí a ń bó lẹ́nu rẹ̀ lónìí.

N kò sọ wọ́n di áńgẹ́lì o. Ní 1986, obìnrin kan tún kú nítorí kápúsù Tylenol tó ní májèlé ní ìpínlẹ̀ New York, ìgbà yẹn ni wọ́n tó dẹ́kun títa kápúsù fún gbogbo ènìyàn. Láyé ìsinsìnyí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti pè wọ́n lẹ́jọ́ pé páúdà ọmọdé wọn fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dẹ́kun títa èyí tí wọ́n fi tálíkì ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2020. Orúkọ rere tí wọ́n ní ní 1982 kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹjọ́ yẹn. Ojoojúmọ́ ni a ń tọ́jú orúkọ.

Ohùn kẹrin

Ẹnì kan á ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wálé. Ṣé ẹ rántí My Pikin, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín? Òpin 2008 ni. Ọmọ tó lé ní 80 ló kú nílẹ̀ wa. Wọ́n ra èròjà kan lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ní Èkó, májèlé sì wà nínú èròjà náà. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pàṣẹ pé kí wọ́n tú ilé iṣẹ́ náà ká, ó sì rán òṣìṣẹ́ méjì lẹ́wọ̀n. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ: ẹni tó tajà fún wọn ló mú májèlé wá, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára ìgò ni ìyá ọmọ mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí. Mo mọ̀ pé àwa kọ́ la po nǹkan mọ́ epo. Ẹni tó kó o wá fún wa ló mọ ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n oníbàárà kò mọ ẹni yẹn. “Manja ta Yarbawa” ni wọ́n ń pè é. Kò sí orúkọ tèmi nínú rẹ̀, kò sí tìrẹ. Orúkọ gbogbo wa ni, títí kan ẹni tó ń ta aṣọ tí kò ta epo rí. Wọ́n ti bi ìyàwó mi lọ́jà àwo pé, “Ẹ̀yin lẹ ń ta epo aláró?”

Mo ti gbọ́ àbá tó wà nílẹ̀. Àwọn kan ní ká pò ó mọ́ epo tó dáa. Àwọn kan ní ká gbé e lọ sí ọjà oko, níbi tí wọn kò tíì gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, àwọn ará oko náà ní ọmọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan sì sọ̀rọ̀ tó ní láárí. Wọ́n ní bí a bá kó o padà, ìyẹn ni pé a ti gbà pé a jẹ̀bi. Mo fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn: ohun tí wọ́n sọ fún Burke ní Washington fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Kíkó ọjà padà kò sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ká mọ̀ ká tún máa tà á, ìyẹn ló ń sọni di ọ̀daràn.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú akọ̀wé. Kẹ́ẹ̀gì 46 ló wá nínú ọkọ̀ yẹn, àwa mọ́kànlá la pín in. Mẹ́sàn-án jẹ́ tèmi. Mo ti gbé mẹ́fà tó kù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí wọn. Mẹ́ta tí mo ti tà, mo ń wá àwọn tó rà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí méjì, mo dá owó wọn padà. Lánàá, mo lọ sílé ìyá tó kọ́kọ́ mú gálọ́ọ̀nù wá. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní epo kọ́ ló dùn ún, pé mo pe òun ní òpùrọ́ ni.

Mo mọ̀ pé àdánù yìí lè da àwọn kan láàárín wa nù pátápátá. Àbúrò wa kan fi owó àjọ ra tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká má dá a dá ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin, lágbàlá Ìyálọ́jà, mo fẹ́ ká pinnu ohun mẹ́ta. Ká kó 46 náà jọ, ká kà wọ́n lójú ara wa, ká sì fi wọ́n lé NAFDAC lọ́wọ́. Ká fi owó ẹgbẹ́ gbé ìdajì àdánù ẹni tó bá mú tirẹ̀ wá. Ká sì yan ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ Hausa dáadáa, tí yóò máa bá ọjà sọ̀rọ̀, tí yóò sọ ohun tí a mọ̀ nìkan. Bí èsì àyẹ̀wò bá dé, bó bá dáa, bí kò dáa, ká kà á síta.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbí ní Ọjọ́ Ajé yẹn, pé epo wa mọ́, mo gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí èyí sì tẹ̀ lé e.

  Ẹni tó bá ti mọ iye kẹ́ẹ̀gì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé lálẹ́ yìí.