Erin Ọ̀dàn

Erin ọ̀dàn (Loxodonta africana) ni ẹranko orí ilẹ̀ tó tóbi jù lọ láyé. Akọ tó ti dàgbà máa ń ga ju mítà 3 lọ ní èjìká, ó sì lè wọn tọ́ọ̀nù 6. Etí rẹ̀ fẹ̀ ju ti erin inú igbó kìjikìji lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn etí náà. Bó bá ti ń jù ú bí abẹ̀bẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá á tutù, ooru ara rẹ̀ á sì rọlẹ̀.

Àmọ́ ọwọ́jà rẹ̀ ló yani lẹ́nu jù. Kò ní eegun kankan, síbẹ̀ òun ni erin fi ń ya ẹ̀ka igi. Ìka méjì tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ ló fi ń ṣa èso kan ṣoṣo nílẹ̀.

Oṣù 22 ni oyún erin. Abo àgbà ló ń darí agbo, torí òun ló rántí ibi tí omi wà nígbà ọ̀dá. Akọ á kúrò láàárín wọn bó bá ti bàlágà.

Eyín rẹ̀ tó níye lórí ló kó bá a. Ní ọdún 2021, àjọ IUCN, tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti igi káàkiri àgbáyé, kà á mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu àparun. A ṣì lè rí i ní Yankari, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, àti ní Pendjari, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin.