Karl Benz àti Ẹni tí ó Gbé E Ró

Orúkọ Karl Benz, ará ìlú Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì, ni a fi ń pe ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ní ọdún 1871, iṣẹ́ Benz fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé nítorí alábàáṣe kan tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Owó Bertha, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ni wọ́n fi ra ìpín ọkùnrin náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 1886, Benz béèrè ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn olùrà kò yọjú, nítorí kò sí ẹni tí ó rí i kí ó rin ọ̀nà jíjìn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha gbé ọkọ̀ náà láìsọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì kó ọmọkùnrin wọn méjì lọ sí Pforzheim, ìrìn bí 100 kìlómítà. Ilé olóògùn ní Wiesloch ni ó ti ra epo. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, abẹ́rẹ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀ ni ó fi tú u. Bí òkè bá le, àwọn ọmọ a tì í. Lẹ́yìn èyí ni Benz fi jíà kan kún un fún gígun òkè.

Ní 1899, ọkọ̀ 572 ni ilé iṣẹ́ Benz ṣe. Kò sí èyí tí ó tóbi jù ú lọ ní ayé. Orúkọ ọkọ nìkan ni ìwé àṣẹ gbé. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ń pìtàn gbé ti aya pẹ̀lú.