Achá

Lẹ́nu àwọn olórìṣà Lùkùmí ní Kúbà, achá ni orúkọ sìgá ńlá, èyí tí wọ́n fi kìkì ewé tábà wé. Aṣáà wa ni. Nílé níbí, aṣáà ni tábà lílọ̀ tí àwọn àgbà ń fín símú. Ní Kúbà, níbi tí òwò ẹrú kó àwọn èèyàn wa dé, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sára ohun tí ilẹ̀ ọ̀hún ń mú jáde. Àwọn olórìṣà náà máa ń fẹ́ èéfín achá sára Ẹlẹ́gbára, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ó wú mi lórí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kú.

Achá kò ní bébà lára bíi sìgá inú páálí. Ewé wà nínú, ewé mìíràn dì í, èyí tó dára jù bò ó. Agbègbè Pinar del Río ní Kúbà ni ewé tó lókìkí jù ti ń wá.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Abẹ tó mú ni wọ́n fi ń gé orí rẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá gé e wọnú jù, ewé ìta á tú. Ìṣáná tàbí láítà gáàsì ló yẹ ẹ́, kí ahọ́n iná má sì kan ewé. Àpótí igi sédà tó ń pa ọ̀rinrin mọ́, láàárín ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: achá tó gbẹ a máa korò, èyí tó rin jù a máa hu. Ẹnu ni wọ́n ti ń tọ́ èéfín rẹ̀ wò, wọn kì í fà á sínú. Síbẹ̀, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun.