Bí Ọmọdé Bá Mọ Ọwọ́ Wẹ̀: Ìtàn Ìdánwò AP ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Òwe yìí bá ètò ẹ̀kọ́ kan mu ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Advanced Placement ni orúkọ rẹ̀, AP ni wọ́n sì sábà máa ń pè é. Nínú ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama a máa kọ́ iṣẹ́ tí yunifásítì ń kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, a sì ṣe ìdánwò rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún. Bí ó bá yege dáadáa, yunifásítì tí ó bá wọ̀ lè ka iṣẹ́ náà fún un, kí ó má baà tún un kọ́. Ẹni tí ó bá rántí HSC ayé àtijọ́ ní Nàìjíríà yóò tètè lóye èyí, nítorí ẹni tí ó bá mú un wọ yunifásítì kì í pẹ́ níbẹ̀ tó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nídìí òwe náà tí a kì í sábà bèèrè: ta ni ó ń wo ọwọ́ ọmọ náà, tí ó sì ń sọ pé ó mọ́?

Ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà

Ní ọdún 1951, àjọ kan tí Ford Foundation dá sílẹ̀ láti máa náwó sórí ẹ̀kọ́ gbé owó ìwádìí kalẹ̀. Àwọn olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ Andover, Exeter àti Lawrenceville jókòó pọ̀ pẹ̀lú àwọn ti yunifásítì Harvard, Princeton àti Yale. Àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1952. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí orí wọn pé ń fi àkókò ṣòfò, nítorí ohun tí wọ́n ti kọ́ tán ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n tún ń bá pàdé ní yunifásítì. Ní àkókò kan náà, Gordon Chalmers, ọ̀gá àgbà Kenyon College, kó ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjìlá jọ láti fi ẹnu kò lórí iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ girama lè kọ́ ọmọ tí àwọn yóò sì gbà wọlé.

Wọ́n dán ìdánwò náà wò ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955, College Board gba ètò náà sí ọwọ́. Ní ọdún 1956, akẹ́kọ̀ọ́ 1,229 láti ilé-ẹ̀kọ́ 104 ni ó jókòó ṣe é. Nígbà tí ìjọba Soviet fi Sputnik ránṣẹ́ sí òfuurufú ní ọdún 1957, ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà pé wọ́n ti já àwọn sílẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, èyí sì fi agbára kún ètò náà.

Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5. Àwọn olùkọ́ yunifásítì àti ti girama ni wọ́n jọ ń ka àròkọ àwọn ọmọ. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń pinnu ohun tí yóò gbà: òmíràn ń gba 3, òmíràn kò ní gbà ju 4 tàbí 5 lọ.

Ọ̀rọ̀ Garfield

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ni ètò yìí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1982, ìfura bẹ́ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Garfield, ní ìlà-oòrùn Los Angeles. Ìdílé tí ó ti Mẹ́síkò wá ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti jáde, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ òbí wọn. Jaime Escalante, ọmọ ilẹ̀ Bolivia, ni ó ń kọ́ wọn ní ẹ̀ka ìṣirò tí à ń pè ní calculus. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjìdínlógún ṣe ìdánwò AP, gbogbo wọn sì yege.

Àjọ tí ó ń bá College Board ṣe ìdánwò náà fura sí mẹ́rìnlá nínú wọn, ó ní ìdáhùn wọn jọra jù. Escalante gbà pé orúkọ àwọn ọmọ náà àti àdúgbò wọn wà lára ohun tí ó fa ìfura; àjọ náà ní ìwé ìdáhùn nìkan ni àwọn wò. Àwọn méjìlá gbà láti tún ìdánwò ṣe. Àwọn méjèèjìlá tún yege. Ní ọdún 1988, wọ́n fi ìtàn yìí ṣe fíìmù Stand and Deliver.

Yorùbá ńkọ́?

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2015 sí 2016, iṣẹ́ ọnà 250 ni a yàn fún ìdánwò AP nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà. Ọ̀kan nínú wọn ni òpó tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàrin ọdún 1910 sí 1914. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ. Òpó náà wà ní Art Institute of Chicago lónìí. Nítorí náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ní Texas lè kọ àròkọ nípa òpó Ìkẹ́rẹ́, kí yunifásítì sì kà á fún un.

Ṣùgbọ́n kò lè fi èdè tí Ọlọ́wẹ̀ sọ ṣe ìdánwò AP. Èdè Faransé, Jámánì, Ítálì, Spéènì, Ṣáínà, Japan àti Látìn wà níbẹ̀. Èdè Áfíríkà kankan kò sí. Kì í ṣe pé ọwọ́ tiwa kò mọ́. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. WAEC ń ṣe ìdánwò Yorùbá. Àwọn yunifásítì Wisconsin, Florida àti Georgia ń kọ́ ọ.

Ìtàn èdè Ítálì lè là wá lójú. Ìdánwò AP rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, wọ́n sì dá a dúró lẹ́yìn ti ọdún 2009, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀, owó kò sì tó. Ìjọba Ítálì àti àwọn ọmọ Ítálì tí ó wà ní Amẹ́ríkà dá owó jọ, ìdánwò náà sì padà ní ọdún 2012. Ẹwà èdè kọ́ ni ó dá a padà. Àwọn tí ó ni ín ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùfẹ́ èdè Yorùbá, ẹ ronú sí èyí. Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan kò lè gbé èdè dé ibẹ̀. Bí àwọn òbí wa ní Houston, ní Atlanta àti ní Maryland kò bá bèèrè Yorùbá lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ọmọ wọn, kò sí ẹni tí yóò bá wọn bèèrè rẹ̀.