Aláǹgbá Tó Ń La Ògiri

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí tí kò ṣọ̀kan la sábà máa ń fi òwe yìí yanjú. Ẹ jẹ́ ká pa á wò lórí irú làkúrègbé kan tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbèjà ara ti yíjú ìjà sí oríkèé ẹni tó ni wọ́n.

Awọ tó tẹ́ inú oríkèé fẹ́lẹ́ gan-an nígbà tí ara bá dá: ìpele sẹ́ẹ̀lì kan sí mẹ́ta péré ló wà lójú rẹ̀. Bí àrùn yìí bá dé, awọ náà á ki, sẹ́ẹ̀lì á pọ̀ ju ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè bọ́ lọ, ọ́síjìn á wá wọ́n. Ọ̀wọ́n yẹn ló ń mú wọn tú èròjà kan tó ń jẹ́ VEGF jáde, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí á fi yọ ẹ̀ka. Ẹ̀ka wọ̀nyí kò gún régé. Wọ́n ń jò. Oríkèé á wú, á gbóná, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun mìíràn á sì gba ibẹ̀ wọlé, àwọn náà á tún máa pe iṣan tuntun. Aláǹgbá tó ti wọlé ló ń la ògiri fún ẹbí rẹ̀, èyí tí òwe àwọn àgbà ò ro mọ́ ọn. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo iṣan yìí, ọ́síjìn ò tó! Awọ tó ti ki náà á máa rá wọ orí eegun, á máa jẹ ẹ́.

Ọdún 1971 ni Judah Folkman, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ síta pé kókó jẹjẹrẹ ò lè tóbi láìsí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun. Àwọn onímọ̀ làkúrègbé yá èrò náà lò. Nígbà tí oògùn tó ń dí TNF (èròjà mìíràn tó ń mú oríkèé wú) lọ́wọ́, èyí tí Marc Feldmann àti Ravinder Maini ṣe atọ́nà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, dé ara aláìsàn, VEGF inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀. Dídí VEGF gan-an lọ́wọ́ ò rọrùn bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè ru, egbò lè má tètè jinná.

Níbi àyẹ̀wò ni ìmọ̀ yìí ti wúlò jù, lójú tèmi. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ọtirasáǹdì tó ní Doppler lé oríkèé ìka, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú iṣan tuntun á pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú ẹ̀rọ. Aláìsàn lè ní kò dun òun mọ́, kí pupa yẹn ṣì wà níbẹ̀. Dókítà tó bá rí i kì í kánjú dín oògùn kù, torí eegun ṣì lè máa bàjẹ́.