Àyè Ṣófo, Iná Ò Kọjá

Nígbà tí mo wà ní girama, gbólóhùn kan ṣoṣo ni tíṣà wa fi kọ́ wa: iná mànàmáná máa ń gba inú irin kọjá, kì í gba inú rọ́bà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí rẹ̀. Ní 1931, Alan Wilson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn wóró tíntìntín tó ń gbé iná, ní àyè tiwọn nínú ohun líle gbogbo. Bí àyè náà bá kún fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó lè sún, iná ò ní kọjá. Bí àyè bá ṣẹ́kù, iná á kọjá. Ó dùn-ún gbọ́, àbí?

Àfi ìgbà tó di 1937, tí de Boer àti Verwey, òṣìṣẹ́ Philips ní Eindhoven ní ilẹ̀ Họ́láńdì, gbé ọ̀rọ̀ tó ta kókó wá sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Bristol. Wọ́n mú ẹnu ba níkẹ́ẹ̀lì tó dà pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ìyẹ̀fun kan tó láwọ̀ ewé. Àyè 10 ló wà nínú átọ́ọ̀mù níkẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí à ń wí yìí, 8 péré ló sì jókòó. Àyè 2 ṣófo! Bí ìṣirò Wilson bá tọ̀nà, ńṣe ló yẹ kí iná máa kọjá fàlàlà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kò kọjá o.

Rudolf Peierls ló tọ́ka sí ibi tí wàhálà wà. Nevill Mott, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Bristol níbẹ̀, wá là á yéni yékéyéké ní 1949. Ìṣirò ti gbàgbé pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í fẹ́ súnmọ́ ara wọn. Ó dà bí ilé tí ayálégbé 8 ń gbé, tí yàrá 2 ṣófo, ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá fẹ́ kó wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá àwọn tó wà nílẹ̀ wọ̀yá ìjà. Ìjà náà gba agbára ju èrè kíkó lọ, ni oníkálukú bá jókòó sílé ara rẹ̀.

Ìjà nìkan kọ́. Ní 1937 yẹn kan náà, Hermann Jahn àti Edward Teller fi hàn pé bí mólékù bá gún régé jù, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ò mọ èyí tí yóò yàn nínú àwọn ipò tó dọ́gba, mólékù náà sábà máa ń wọ́ díẹ̀ kí ara lè tù ú. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni kábọ́ọ̀nù alátọ́ọ̀mù 60, tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ṣàwárí ní 1985. Ẹ fi átọ́ọ̀mù pọ̀tásíọ̀mù 3 kún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, iná á kọjá dáadáa. Ní 1991 ni wọ́n rí i pé bó bá tutù dé nǹkan bíi ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 255 sísàlẹ̀ òdo, kò tiẹ̀ sí ìdènà kankan mọ́. Ẹ wá sọ 3 yẹn di 4. Bọ́ọ̀lù á wọ́, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á taku sójú kan, iná ò kọjá mọ́.

Mott gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Philip Anderson àti John Van Vleck ní 1977, ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn ìpàdé Bristol.